Àwo kan, ohùn méjì: ohun tí àwọn olólùfẹ́ Mötley Crüe ń jà sí lórí Too Fast for Love

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin òǹwòran wa. Bí ẹ bá bá méjì nínú àwọn olólùfẹ́ Mötley Crüe, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan, níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí Too Fast for Love, àwo àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà ṣe, ẹ má tètè dá sí i. Ẹ kọ́kọ́ bi olúkúlùkù wọn léèrè pé èwo ló gbọ́. Ìbéèrè náà lè dà bí àwàdà létí ẹni tí kò mọ ìtàn àwo yìí, nítorí orúkọ kan ṣoṣo ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n ohùn méjì ló ní. Èkíní jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1981, èkejì jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1982, ìyàtọ̀ àárín wọn sì pọ̀ débi pé ẹni tí ọ̀kan wọ̀ lára lè gbọ́ èkejì kó ní wọ́n ti ba iṣẹ́ jẹ́. Ní tèmi, mo gbà pé èyí tó pọ̀ jù nínú ìjà tí wọ́n ń jà, ìjà àwọn tí kò mọ̀ pé nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni.

Ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà ni ẹgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1981. Nikki Sixx ló ń ta jìtá báàsì, òun náà ló sì kọ ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn orin wọn. Tommy Lee, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 19 ní oṣù tó ṣáájú èyí tí àwo náà jáde, ni onílù. Mick Mars, tó ti pé ọgbọ̀n ọdún, ló ń ta jìtá. Vince Neil ni wọ́n sì fà yọ látinú ẹgbẹ́ mìíràn kó wá máa bá wọn kọrin. Àmì tótó méjì tí ẹ ń rí lórí orúkọ wọn kò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Lójú àwa tí àmì ohùn kan ṣoṣo lè sọ ọkọ di ọkọ̀, ìnákúnàá ni, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ àwo tiwọn sílẹ̀, tí wọ́n pè é ní Leathür Records, wọ́n tún fi irú àmì bẹ́ẹ̀ sí i.

Kì í ṣe ìgbéraga ló mú wọn dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá kò tíì ya ọwọ́ sí irú orin wọn nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrò ti ń wọ́ tẹ̀ lé wọn ní àwọn ilé orin tó wà ní Sunset Strip, òpópónà kan tí a mọ̀ fún orin ní agbègbè Los Angeles. Allan Coffman, alámòójútó wọn, ló náwó sí iṣẹ́ náà, wọ́n sì gba orin mẹ́wàá sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Michael Wagener, ọmọ Jámánì kan tó mọ iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ dunjú, ló bá wọn po ohùn rẹ̀ pọ̀.

Ìpòpọ̀ ohùn yìí gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀. Bí a bá ti gba ìlù, jìtá àti ohùn akọrin sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tán, ẹnìkan ni yóò jókòó láti pinnu èyí tí yóò hàn ketekete àti èyí tí yóò fara sin, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń se ọbẹ̀ ṣe máa ń tọ́ iyọ̀ àti ata wò. Ọbẹ̀ tí wọ́n sè ní ọdún 1981 ta gan-an. Àwọn tó fara mọ́ ọn sọ pé ńṣe ló dà bí ẹni pé ènìyàn dúró sí iwájú ìtàgé ilé orin kékeré kan, tí onílù ń lu ìlù rẹ̀ láìsí ohun tó dí i, tí jìtá Mick Mars ń gé ni létí bí ayùn, tí akọrin sì ń pariwo kí ohùn rẹ̀ má bàa rì. Kò sí ìdán nínú rẹ̀, kò sì sí ìbora. Àṣìṣe tó bá wà níbẹ̀, gbogbo ayé ni yóò gbọ́ ọ.

Nígbà tó di ọdún 1982, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Elektra, Tom Zutaut ni orúkọ rẹ̀, rí bí èrò ṣe ń rọ́ lọ síbi eré wọn, ó sì mú kí Elektra gbà wọ́n. (Òun kan náà ló wá mú ẹgbẹ́ Guns N' Roses wọ Geffen, ilé-iṣẹ́ àwo mìíràn, lẹ́yìn náà, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé etí rẹ̀ di.) Elektra kò fẹ́ gbé àwo náà jáde bó ṣe wà. Wọ́n gbé e fún Roy Thomas Baker, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ti bá Queen àti The Cars ṣiṣẹ́, pé kó tún un pò. Baker fún un ní ohùn gbọ̀ngàn ńlá, ó sì dán an. Orin kan tí wọ́n ń pè ní Stick to Your Guns, wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá, ó wá ku mẹ́sàn-án. Wọ́n tún ètò àwọn orin náà tò, débi pé Come On and Dance, tó wà ní apá kejì tẹ́lẹ̀, wá bọ́ sí ipò kejì gẹ́lẹ́ lẹ́yìn Live Wire. Orin tó ń jẹ́ orúkọ àwo náà gan-an, wọ́n gé ìfáàrà rẹ̀ kúrò.

Èyí tí Elektra gbé jáde yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Nígbà tí àwo wọn kejì, Shout at the Devil, jáde ní ọdún 1983, tí òkìkí wọn sì kàn, àwọn ọ̀dọ́ padà sẹ́yìn lọ ra àkọ́kọ́, ó sì gun òkè dé ipò 77 lórí àtẹ Billboard, èyí tó ń to àwọn àwo tó ń tà jù ní Amẹ́ríkà. Àwọn wọ̀nyí kì í gbọ́, wọn kì í gbà, bí ẹnìkan bá ní Leathür dára jù. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbọ́ ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n mọ̀, ibi tí ìlù ti wọlé nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn ni etí wọn ń retí rẹ̀ títí di òní, bí wọ́n bá sì gbọ́ ti 1981, wọ́n á ní ó dà bí èyí tí wọn kò tíì parí. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi. Ohun tí etí bá kọ́kọ́ mọ̀ ni í máa ń fi wọn èyí tó kù.

Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ Leathür ní tiwọn ní ìgbéraga díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí bí ènìyàn ṣe lè gbọ́ ìpòpọ̀ àkọ́kọ́ náà àfi kó wá rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ rí, èyí tí kò pọ̀ lọ́jà, tí owó rẹ̀ sì ń ga sí i. Ẹni tó bá ní ọ̀kan, ṣe ni yóò máa fi han àlejò. Ní ọdún 1999, nígbà tí ẹgbẹ́ náà tún àwo wọn gbé jáde fúnra wọn, wọ́n fi Stick to Your Guns àti ìfáàrà tí a gé náà ṣe ẹ̀bùn sí ìparí rẹ̀. Ní ọdún 2003 ni gbogbo ìpòpọ̀ Leathür tó wá jáde lórí CD nínú àkójọ ńlá kan. Láti ìgbà tí gbogbo ènìyàn ti lè gbọ́ ọ, mo ṣàkíyèsí pé ìyìn rẹ̀ ti dínkù díẹ̀. Ọ̀wọ́n ọjà máa ń fi adùn kún ọjà. Stick to Your Guns pàápàá, tí wọ́n ti sọ di ohun ìyanu tó sọnù, orin tí kò burú ni, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n yọ ọ̀kan kúrò nínú mẹ́wàá, òun náà ni èmi yóò yọ.

Ẹgbẹ́ kẹta tún wà, àwọn tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni wọ́n ti wọlé. Dr. Feelgood, àwo wọn tó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1989, tàbí fíìmù tí Netflix ṣe nípa ìgbésí ayé ẹgbẹ́ náà ní ọdún 2019, ló mú wọn wá. Létí tiwọn, àwo àkọ́kọ́ yìí tín-ín-rín, kò ní ìwúwo, ohùn Vince Neil sì ga jù, ó ń yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Òótọ́ ni ẹ̀sùn ìkẹyìn yẹn. Vince Neil kì í ṣe olóhùn iyọ̀ rí. Ṣùgbọ́n mo rò pé wọ́n ń fi òṣùwọ̀n tí kò tíì sí nígbà náà wọn àwo náà. Ní ọdún 1981, glam metal, ìyẹn orin rọ́ọ̀kì líle tí àwọn akọrin rẹ̀ ń kun ojú tí wọ́n sì ń ṣe ọ̀ṣọ́, kò tíì ní ìlànà tí ẹnikẹ́ni ń tẹ̀ lé. Nínú àwọn ẹgbẹ́ tó ń kọ irú orin yìí, ọdún 1983 ni àwo Quiet Riot gba ipò kìíní, Poison kò sì ṣe àwo kankan títí di ọdún 1986. Ohun tí Nikki Sixx ń kó jọ ni orin glam ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti àwọn ọdún 1970, ti ẹgbẹ́ New York Dolls, àti ìkánjú punk, irú rọ́ọ̀kì tó yára tí kò sì ní ọ̀ṣọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó fẹ́ràn punk, tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ onírun gàgàrà, fi máa ń yọ àwo yìí sọ́tọ̀. Ẹ gbọ́ Starry Eyes tàbí Merry-Go-Round dáadáa: orin tó rọrùn láti kọ lẹ́nu ni wọ́n, tí wọ́n kàn gbé aṣọ aláwọ wọ̀.

Ibi kan wà tí gbogbo wọn ti fohùn ṣọ̀kan, ìyẹn Live Wire. Èmi kò tíì rí olólùfẹ́ ẹgbẹ́ yìí tó sọ pé òun kò fẹ́ràn bí jìtá ṣe bẹ̀rẹ̀ orin náà, ì báà jẹ́ nínú ìpòpọ̀ èyíkéyìí. Páálí àwo náà ńkọ́, tó ya ìbàdí akọrin nínú ṣòkòtò aláwọ? Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé páálí Sticky Fingers ti Rolling Stones, tó jáde ní ọdún 1971, ni wọ́n wò ṣe é, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín sí i, àwọn kan ń tijú.

Èyí tí wọ́n máa ń pẹ́ lórí rẹ̀ jù ni orin tó kẹ́yìn, On with the Show. Ó fà díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ó sì sọ ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Frankie, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ẹni tí kò mọ̀dí yóò rò pé ọ̀fọ̀ ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n Frank ni orúkọ tí àwọn òbí Nikki Sixx sọ ọ́, Frank Feranna, kó tó lọ sí iwájú òfin láti pa á rẹ́. Nítorí náà, àwọn olólùfẹ́ gbà pé ara rẹ̀ ni ọmọkùnrin náà ń sin, pé ó ń sọ fún ìdílé tó bí i pé kí wọ́n má wá òun mọ́. Ní ilẹ̀ tí orúkọ ti ń ro ọmọ bíi tiwa, ọ̀rọ̀ yẹn wúwo. Ó wúwo ju gbogbo ariwo ọtí àti alùpùpù tí ẹgbẹ́ náà fi lókìkí lọ, ó sì jẹ́ kí n gbà pé ẹni tó kọ àwo yìí ní ohun tó ń dùn ún.

Lórí orin yìí, èmi náà kúrò lẹ́yìn àwọn ẹlẹ́gbẹ́ Leathür. Mo fẹ́ràn ti 1981 fún ìyókù àwo náà, nítorí ìlù Tommy Lee ń mí dáadáa níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn ńlá tí Baker kọ́ yí On with the Show ká bá òkú sínsin mu. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ má wulẹ̀ wo páálí rẹ̀. Ẹ ka orin tó wà lórí rẹ̀. Bí ó bá pé mẹ́wàá, tí Stick to Your Guns sì ń tẹ̀ lé Starry Eyes ní apá kejì, ti Leathür ni. Bí ó bá jẹ́ mẹ́sàn-án, tí Come On and Dance sì wọlé lẹ́yìn Live Wire, Baker ló kẹ́yìn sí i.