Iná Ìkìlọ̀ Ọ́ìlì Kì í Tètè Sọ̀rọ̀: Bí A Ṣe Ń Ka Ìfúnpá Ọ́ìlì Nínú Bàálù Kékeré

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ bàálù wíwà lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló fọkàn tán iná pupa ju bó ṣe yẹ lọ. À ń sọ lọ́kàn ara wa pé bí nǹkan bá ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, iná á tàn, a ó sì mọ̀. Iná á tàn lóòótọ́, àmọ́ nígbà tó bá máa fi tàn, ẹ̀pa lè má bóró mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo Cessna 172S, tó ń lo ẹ́ńjìnnì Lycoming IO-360. Lójú gééjì rẹ̀, àwọ̀ ewé, ibi tó yẹ kí ọwọ́ gééjì wà, bẹ̀rẹ̀ láti 50 psi (òṣùwọ̀n ìfúnpá) dé 90. Ilà pupa ìsàlẹ̀ wà ní 20, ti òkè wà ní 115. Iná ìkìlọ̀ ńkọ́? Àfi kí ìfúnpá já wá sábẹ́ 20 kó tó tàn. Ká ní ẹ wà lókè, gééjì ń ka 75. Ó wálẹ̀ sí 60, ó dé 45, ó dé 30: iná ò wí nǹkan kan. Kì í ṣe pé iná ti bàjẹ́. Ẹ́ńjìnnì tó ń rọra yí nílẹ̀ ni 20 yẹn wà fún, kì í ṣe èyí tó ń gbé bàálù lójú òfurufú.

Ohun kan tún wà tí gééjì ò lè sọ fún wa. Pọ́ǹpù ló ń ti ọ́ìlì gba àlàfo tín-ín-rín tó wà láàárín kráńkì (ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) àti bíárìn (ibi tí ọ̀pá náà jókòó sí). Bí àlàfo náà ṣe há tó ló ń fa ìfúnpá. Iye ọ́ìlì tó kù nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, gééjì ò mọ̀ ọ́n. Ọ́ìlì lè ti ń jò tipẹ́, kí gééjì ṣì máa ka 75, títí á fi wálẹ̀ débi tí pọ́ǹpù á máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Ìgbà yẹn lẹ ó rí ọwọ́ gééjì tó ń gbọ̀n: ó gòkè, ó padà, kò dúró sójú kan. Ẹni tó bá rí i tó ní “á dúró tó bá yá,” ẹ bá mi bi í pé ibo ló fẹ́ kó dúró sí.

A kì í ka ìfúnpá lóun nìkan. Ọ́ìlì tó gbóná á fúyẹ́, á yára gba àlàfo kọjá, ìfúnpá á dín kù. Èyí tó tutù á ki, ìfúnpá á lọ sókè. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra yí, pọ́ǹpù náà á máa rọra yí. Ìdí nìyẹn tí ojú wa fi gbọ́dọ̀ wà lára ooru ọ́ìlì àti rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) pẹ̀lú. Ní ti ìgbà tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ́ńjìnnì, ìwé Cessna ò fọ̀rọ̀ gùn: bí ìfúnpá ò bá gòkè láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ pa á. Níbi tí òtútù bá ti mú gan-an, 60.

Lókè wàyí, ìfúnpá wálẹ̀ ṣùgbọ́n ooru ò yí padà. Ó lè jẹ́ gééjì tàbí fáàfù tó ń ṣàkóso ìfúnpá ló ń ṣe ségesège. Ẹ lọ balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú tó bá sún mọ́ jù, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìfúnpá bá lọ tán, tí ooru sì ń gòkè, ẹ́ńjìnnì fẹ́ kú nìyẹn: ẹ dín agbára kù, ẹ wá ilẹ̀ tẹ́ ẹ máa balẹ̀ sí. Èmi ò ní dúró de ooru pẹ́ o. Ọ́ìlì tí kò ṣàn mọ́ ò ní gbé ooru lọ bá sẹ́ńsọ̀, ohun tó ń wọn ooru náà fún gééjì.

Nínú 172S tó ń lo gééjì ọlọ́wọ́, sẹ́ńsọ̀ gééjì ọ̀tọ̀, swíìṣì iná ìkìlọ̀ ọ̀tọ̀. Bí ọwọ́ gééjì bá ṣubú sórí òdo lẹ́ẹ̀kan náà, tí iná ò tàn, tí ohùn ẹ́ńjìnnì ò yí padà, sẹ́ńsọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ ṣì lọ balẹ̀ ná.

Ibi tí àríyànjiyàn pọ̀ sí ni ti àwọn tó ń lo gééjì ojú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n lè fọwọ́ ara wọn to ìkìlọ̀. (Bàálù tó bá ní ìwé àṣẹ pẹ̀lú iye tí wọ́n ti là sílẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yí i padà.) Bẹ́ ẹ bá fi ìkìlọ̀ sí 50, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá balẹ̀ tí ọ́ìlì gbóná lá máa pariwo, láìpẹ́ etí yín á di sí i. Bẹ́ ẹ bá fi sí 25, a padà síbi tá a ti ń bọ̀. Ìwé Rotax 912, ẹ́ńjìnnì bàálù kékeré mìíràn, mọ ọ̀nà rẹ̀: lábẹ́ 3500 rpm, 0.8 bar (òṣùwọ̀n ìfúnpá mìíràn) tó. Bó bá kọjá ibẹ̀, 2 sí 5 bar ló ń fẹ́. Iye méjì ni, rpm ló ń pààlà sáàárín wọn. Bí ẹ̀rọ yín bá lè so ìkìlọ̀ mọ́ rpm, ẹ so ó.

Bí kò bá lè ṣe é, ẹ fi pupa sílẹ̀ síbi tí olùṣe ẹ́ńjìnnì fi sí. Fún àwọ̀ ìyeyè, ìkìlọ̀ tó máa ń ṣáájú pupa, ẹ máa kọ iye tí ẹ́ńjìnnì tiyín ń kà sílẹ̀ nígbà tí ọ́ìlì ti gbóná tán tẹ́ ẹ sì ń lọ geerege lókè, kẹ́ ẹ wá fi ìkìlọ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Á máa tàn nílẹ̀, mo gbà. Bí ohùn bá ṣe é pa nílẹ̀, ẹ pa ohùn, ẹ má pa iná.

Ẹnì kan béèrè pé ṣé mẹ́káníìkì ò lè yí fáàfù tó ń ṣàkóso ìfúnpá yẹn kí iye lè gòkè. Ó lè ṣe é. Lára àwọn Lycoming kan, skúrúù ni wọ́n ń yí. Lára òmíràn, wáṣà ni wọ́n ń fi kún ìdí sípíríǹgì. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì tó ń ka 75 tẹ́lẹ̀ bá wá ń ka 60, ẹ kọ́kọ́ fi gééjì mìíràn wọ̀n ọ́n, ẹ wo irú ọ́ìlì tí wọ́n dà sí i, ẹ gé fíltà kẹ́ ẹ wò ó bóyá irin wà nínú rẹ̀. Bíárìn tó ti jẹ, skúrúù ò lè dí àlàfo rẹ̀.