Ife tí Ìwé Gbà Padà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Inú ọkọ̀ ni mo wà báyìí, lẹ́yìn pápá kan ní Maryland níbí, mo ń dúró de ọmọ mi ọkùnrin kó parí ìgbáradì. Tí ẹ bá ń gbọ́ hùù lẹ́yìn ohùn mi, hítà ọkọ̀ ni. Mi ò ní pa á. Òtútù oṣù Kọkànlá yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ mi.

Ọmọ ọdún 17 ni, bọ́ọ̀lù ló sì fẹ́ fi wọ yunifásítì. Ẹ wo ayé. Nígbà tí mo gba ipò kọkàndínlógún ní kíláàsì, n'Ìbàdàn, bíléèdì ni bàbá mi fi ya bọ́ọ̀lù mi sí méjì. Ó rọra yà á bí ẹni ń bó ọsàn, ó gbé ìdajì fún mi, ó ní kí n lọ fi bomi. Èmi náà ni mo wá di awakọ̀ bọ́ọ̀lù.

Lóṣù tó kọjá kóòṣì kan pè wá. Ó ní àwọn fẹ́ràn ọmọ náà, àwọn máa fún un ní sikọ́láṣíìpù. Díẹ̀ ló kù kí n dọ̀bálẹ̀ fún fóònù. Ìyàwó mi ló fi ẹsẹ̀ tọ́ mi lábẹ́ tábìlì, ó ní, "Bàbá Tóbi, ẹ bi í pé èló." Mo bi í. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé NCAA, àwọn tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà, sikọ́láṣíìpù 9.9 péré ni wọ́n ti ń gbà láàyè fún odidi ikọ̀ bọ́ọ̀lù ọkùnrin kan, láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀ẹ́sàn-án àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀, kí ọmọ bíi 25 sí 30 pín in. Ẹran ìkómọ nìyẹn! Òfin ọ̀hún yí padà ní 2025, àmọ́ àpò iléèwé tó pè wá ò tìtorí ẹ̀ wú.

Ìdíje bọ́ọ̀lù ọkùnrin ti NCAA tí ọmọ yìí ń lálàá rẹ̀, 1959 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ikọ̀ mẹ́jọ. Yunifásítì Saint Louis na ti Bridgeport 5-2, wọ́n gbé ife àkọ́kọ́. Ní báyìí ikọ̀ 48 ló ń wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá gba ife lííìgì tiẹ̀ ti wọlé nìyẹn, ìgbìmọ̀ kan á wá jókòó yan àwọn yòókù. Àwọn 16 tí wọ́n kà sí alágbára á máa wòran ní ìpele àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí àlọ àti àbọ̀: wọ́n nà ọ́ lẹ́ẹ̀kan, o dilé. Bó bá ti ku mẹ́rin, wọ́n á kó wọn lọ sí ìlú kan ṣoṣo nínú oṣù Kejìlá. College Cup ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ wo bọ́ọ̀lù yunifásítì, aago ló kọ́kọ́ rú mi lójú. Láti 45 ló ti ń ka sẹ́yìn, títí ó fi di òdo, fèrè sì dún lójú ẹsẹ̀. Ọmọ tí wọ́n yọ tún padà wọlé. Mo ní ṣé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìyí àbí ajùsáwọ̀n? Wọ́n tiẹ̀ ti pín ife rí. Ní 1967, ojú ọjọ́ ò jẹ́ kí Saint Louis àti Michigan State parí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, òdo sí òdo, wọ́n ní kí àwọn méjèèjì máa jẹ́ olúborí. Ní 1989, Virginia àti Santa Clara ta ọ̀mì 1-1 nínú òtútù tó ń pa ẹja, wọ́n tún pín in. Ní 1985 ńkọ́? Àfikún àkókò mẹ́jọ ni UCLA fi gbá a kí wọ́n tó rí góòlù kan ṣoṣo jẹ American University, tí ò jìnnà síbi tí mo wà yìí. Mẹ́jọ o! Ẹni tó bá jẹun kó tó lọ síbẹ̀, ebi á tún ti pa á.

Àmọ́ ti Yunifásítì Howard ni ìtàn tí ò jẹ́ kí n sùn. Mo máa ń gba Georgia Avenue kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì yẹn bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ọdún 12 ni mo ti ń kọjá, mi ò mọ nǹkan kan, àfi lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ lórí rédíò ọkọ̀.

Lincoln Phillips, ọmọ Trinidad tó ti ṣọ́lé fún ìlú rẹ̀ rí, ni kóòṣì wọn. Ó kó àwọn ọmọ Caribbean àti ọmọ Áfíríkà jọ sí iléèwé aláwọ̀ dúdú yìí, ọmọ Nàìjíríà wà nínú wọn. Ní 1971, wọ́n pàdé Saint Louis ní aṣekágbá, ní Orange Bowl, ní Miami. Ẹ rántí pé Saint Louis lọ̀gá ìdíje yìí nígbà náà, ìgbà mẹ́wàá ni wọ́n gba ife láàárín 1959 sí 1973, ọmọ ìlú wọn tó dàgbà sínú bọ́ọ̀lù ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Howard nà wọ́n 3-2.

Ni NCAA bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú fáìlì. Ìdánwò àṣewọlé tí wọ́n ní àwọn kan ò ṣe, ọdún bọ́ọ̀lù tí wọ́n ní àwọn kan ti lò kọjá iye tí òfin gbà. Òfin kan tún wà tó jẹ́ ti àjèjì nìkan: bí o bá ti gbá bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ nílùú rẹ lẹ́yìn ọdún 19, wọ́n á yọ iye ọdún yẹn kúrò nínú ọdún tí o ní láti gbá níbí. Nígbà tó yá, wọ́n gba ife padà, wọn ò sì jẹ́ kí Howard kópa nínú ìdíje 1973. Howard gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Adájọ́ ní òfin àjèjì yẹn tako ìdọ́gba, àmọ́ àwọn òfin tó kù dúró, ife ò sì padà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi gbà á, ìwé ni wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ibẹ̀ yẹn ni mo ti pa rédíò ọkọ̀, tí mo dákẹ́. Èmi náà mọ ohun tí ìwé lè ṣe. Iléèwé tí mo lọ nílé kọ ọjọ́ ìbí mi sí 14, páàsípọ́ọ̀tù mi kọ ọ́ sí 4. Nítorí ọ̀kan tó dúró níwájú mẹ́rin yẹn, odidi sáà kan lọ mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí mo dé ibí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù. Èmi ò tó agbábọ́ọ̀lù tí ń gé ọdún.

Ní 1974, Howard padà dé. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 19 ni wọ́n gbá, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n jẹ. Ta ni wọ́n tún bá pàdé ní aṣekágbá? Saint Louis. Níbo? Nílùú St. Louis gan-an, láàárín àwọn èèyàn wọn. Ọ̀mì 1-1, àfikún kan, èjì, ẹ̀ta. Nínú ẹ̀kẹrin, Kenneth Ilodigwe, ọmọ Nàìjíríà, gbá a wọlé. (Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bi mí pé ẹ̀yà wo ni, ẹ jọ̀ọ́, góòlù ni góòlù.) Howard ni iléèwé aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ife ìpele gíga jù lọ lọ́wọ́ NCAA. Ti 1971 ṣì ṣófo nínú ìwé wọn títí dòní.

Àwọn tiwa pọ̀ níbi yìí nígbà yẹn o. Andy Atuegbu wà ní Yunifásítì San Francisco tó gba ife ní 1975 àti 1976. Thompson Usiyan gbá góòlù 109 sáwọ̀n fún Yunifásítì Appalachian State. San Francisco yẹn náà, ìwé ló gba ife 1978 lọ́wọ́ wọn.

Ìdí nìyí tí mo fi ka fọ́ọ̀mù NCAA ọmọ mi láàná, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú jígí lójú. Wọ́n ń bèèrè ẹgbẹ́ tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún, àti bóyá ẹnikẹ́ni ti fún un ní nǹkan rí torí bọ́ọ̀lù. Ó fẹ́ fi "rárá" sí i. Mo ní dúró ná. Nígbà tí a lọ sílé ní ọdún kejì sẹ́yìn, ṣé o ò gbá mọ́ńkì-póòsì pẹ̀lú àwọn ọmọ Mọ́kọ́lá? Ṣé bọ̀ọ̀dá aláṣọ yẹn ò ra Fanta fún gbogbo yín nígbà tí ẹ jẹ?

Ó ní, "Daddy, Fanta ni."

Mo ní kọ ọ́ síbẹ̀.

Ó ń bọ̀ yẹn, ó ti gbé báàgì kọ́pá. Ẹ jẹ́ kí n ṣílẹ̀kùn fún un.