Omi Kànga Ń Jẹ Ẹ́ńjìn Píjò 504 Yín

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ wo omi inú ìgò yìí, bó ṣe pupa bí omi tó ṣàn láti orí páànù tó ti gbó. Inú rédíétọ̀ Píjò 504 kan ni mo ti bù ú, ọkọ̀ tí wọ́n ń fọ̀, tí wọ́n ń nù lójoojúmọ́!

Ọdún 1968 ni 504 jáde nílẹ̀ Faransé. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Píjò ní Kàdúná. Irin ni bulọ́ọ̀kù rẹ̀, aluminíọ̀mù ni tọ́ọ̀pù sílíńdà tó jókòó lé e, omi kan náà ló sì ń gba inú méjèèjì kọjá. Bí omi náà bá ní iyọ̀, bí omi kànga àti bọ́ọ̀hóòlù ṣe sábà máa ń ní, ó di bátìrì: iná á máa rìn láàárín wọn, á sì máa jẹ aluminíọ̀mù. Ìpẹtà bulọ́ọ̀kù á lọ dí rédíétọ̀, ẹ́ńjìn á máa gbóná. Mẹkáníìkì á yọ tẹmosítáàtì, ìyẹn ohun tó ń díwọ̀n ooru omi ẹ́ńjìn, dànù, á ní kẹ́ ẹ máa rọmi. Ó máa ń dùn mí, torí omi tuntun yẹn ló ń gbé iyọ̀ tuntun wọlé.

Kẹ́ ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìn tutù pátápátá, kí omi gbígbóná má baà bó yín lójú. Ẹ tú họ́ọ̀sì òkè, ẹ wo ẹnu aluminíọ̀mù tó wọ̀ ọ́. Bẹ́ ẹ bá rí ẹ̀tù funfun àti ihò wẹ́wẹ́ bí ibi tí kòkòrò jẹ, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Bí ọ́ìlì bá funfun bíi mílíìkì, ẹ má wà á mọ́. Kì í ṣe gáskẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín bulọ́ọ̀kù àti tọ́ọ̀pù nìkan ló lè fà á: inú omi gan-an ni sílíńdà 504 dúró sí, bí ìpẹtà bá sì jẹ ibi tí ìdí wọn jókòó, omi á jò sínú ọ́ìlì.

Rìwáyà náà lè fi mítà iná wo omi rédíétọ̀. Ọwọ́ dúdú sí négétíìfù bátìrì, ọwọ́ pupa sínú omi láì kan irin. Bí iná bá kọjá 0.3 fóòtì (V), ẹ pààrọ̀ omi yẹn. Bí nọ́ńbà bá tún ga sí i nígbà tẹ́ ẹ tan iná iwájú, ẹ yẹ wáyà áàtì ẹ́ńjìn, èyí tó so ó mọ́ négétíìfù bátìrì, wò.

Ẹ fọ inú rédíétọ̀ àti ẹ́ńjìn títí omi á fi mọ́, kẹ́ ẹ wá rọ kúláǹtì, ìyẹn oògùn olómi tí wọ́n ń rọ sí rédíétọ̀, àti omi dísítíìlì tí kò ní iyọ̀, ìdajì sí ìdajì. Àwọn rìwáyà ń ta omi dísítíìlì fún bátìrì. Ẹ ṣọ́ra kí wọ́n má gbé àsíìdì fún yín o. Àwa ò ní yìnyín tí kúláǹtì máa ń dènà, àmọ́ oògùn tó ń dáàbò bo irin wà nínú kúláǹtì. Oògùn náà máa ń tán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún méjì-méjì. Ẹ dá tẹmosítáàtì padà.

Ìgò kejì rèé, láti inú ọkọ̀ kan náà lẹ́yìn tá a fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ wò ó, ẹ lè rí ìka mi láti òdìkejì.