Ẹ Tọ́jú Fáìlì Ṣọ́ọ̀bù Yín Kí Kọ̀ǹpútà Tó Dákú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ni mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ project fún àwọn ọmọ OAU, ẹ̀yin oníkẹ́místì, ẹ̀yin onífọ́tò, ẹ sún mọ́ mi.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ẹ mú bírò, kí ẹ kọ ohun tó jẹ́ pé bó bá pòórá lálẹ́ yìí, ọ̀la ò ní ṣeé tajà: orúkọ àwọn tó jẹ yín lówó, iye ọjà tó kù, iṣẹ́ tí oníbàárà ò tíì wá gbà. Windows ò sí níbẹ̀ o. Mo lè tún Windows gbé sórí ẹ̀rọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Orúkọ onígbèsè yín ńkọ́, ta ni kí n bi?

Ó yá, ẹ wojú kọ̀ǹpútà mi. Mo ti ki hard disk alágbèéká bọ̀ ọ́. Mo ṣí Control Panel, mo wọ System and Security, mo tẹ File History, mo wá tẹ Turn on. Ó ti ń da fáìlì mi kọ sórí dísìkì náà nìyẹn. Desktop àti àwọn fódà bíi Documents àti Pictures ló ń kó. Bí iṣẹ́ yín bá wà níbòmíì, ẹ gbé e wá síbẹ̀.

Bó bá ti parí, ẹ yọ dísìkì náà. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe! Fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa, tó ń bèèrè owó, yóò ti èyí tó wà lára ẹ̀rọ pa pẹ̀lú. Ẹ gbé e relé, ẹ má fi sí dúróà ṣọ́ọ̀bù. Lálaalẹ́, kí ẹ tó tilẹ̀kùn, ẹ ki dísìkì náà bọ ẹ̀rọ, ẹ tẹ Run now nínú File History, ẹ tún yọ ọ́.

Google Drive, ibi tí èèyàn ń kó fáìlì sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, náà dáa, 15GB ni wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé ìṣirò owó ni kí ẹ kó lọ síbẹ̀. Fọ́tò ìgbéyàwó á jẹ dátà yín tán. Nọ́ńbà ọ̀gá ni kí ẹ fi ṣí i, kì í ṣe ti ọmọ iṣẹ́ tó lè gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́la.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ gbé dísìkì náà sára kọ̀ǹpútà míì, kí ẹ ṣí fáìlì kan wò. Ẹ ó rí ọjọ́ àti aago lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, bí File History ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Bí kò bá ṣí, ẹ má kọ nǹkan kan sórí dísìkì náà mọ́. Ẹ kọ́kọ́ gbé e wá.