Ilé Ìwòsàn Ọpọlọ Wà Nílùú, Kí Ló Dé Tí A Ò Fi Dé Bẹ̀?

Ẹ káàbọ̀. Ẹ bá mi fojú inú wo obìnrin kan. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí kò rí oorun sùn dáadáa. Oúnjẹ ò wù ú jẹ mọ́. Inú balùwẹ̀ ló ti ń sunkún láàárọ̀ kó tó jáde lọ síbi iṣẹ́. Ìlú ńlá ló ń gbé. Ilé ìwòsàn ọpọlọ wà nínú ìlú náà, ọkọ̀ tó ń wọ̀ lójoojúmọ́ tiẹ̀ ń gba iwájú géètì rẹ̀ kọjá. Kò tíì wọlé síbẹ̀ rí.

Kí ló dá a dúró?

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé lọ́dún 2019, nǹkan bí 970 mílíọ̀nù èèyàn ló ní àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn. Ẹnì kan nínú èèyàn mẹ́jọ nìyẹn. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn ò tó nǹkan, òṣìṣẹ́ ìlera ọpọlọ ò tó 2 fún 100,000 èèyàn. Nínú 100 owó tí àwọn ìjọba ń ná sórí ìlera, nǹkan bí 2 péré ló ń dé ọ̀dọ̀ ìlera ọpọlọ, àwọn ilé ìwòsàn ọpọlọ ńláńlá ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ mì.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé géètì ńlá kan ló ń dá gbogbo ìlú lóhùn. Ẹni tí kò rí oorun sùn, ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí inú rẹ̀ ò dùn mọ́, orí ìlà kan náà ni gbogbo wọn á tò sí.

Ká ní obìnrin wa yìí gbìyànjú lọ. Ó gbàyè níbi iṣẹ́, ó jí ní ìdájí, ó wọ ọkọ̀ méjì. Wọ́n ní kó gba káàdì, wọ́n ní kó lọ jókòó. Ó di fáìlì rẹ̀ mọ́ àyà, ó kọjú sí ògiri kí ojúlùmọ̀ kankan má baà rí i. Ọ̀sán pọ́n kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló lò lọ́dọ̀ dókítà, torí èrò pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kọ oògùn fún un, wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ìpadàwá yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń já sílẹ̀, a kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó. Oògùn àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì, irú àìsàn tó ń ṣe obìnrin wa yìí, kì í ṣiṣẹ́ bí oògùn ẹ̀fọ́rí. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Bẹ́ẹ̀ inú rírú tàbí ẹ̀fọ́rí lè yọjú láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tí wọn ò bá ṣàlàyé èyí fún á ní oògùn náà ò jẹ́, á sì pa á tì. Ta ló tún máa gbàyè, tó tún máa wọ ọkọ̀ méjì, nítorí oògùn tó rò pé kò jẹ́?

Ojú ayé tún wà níbẹ̀. A máa ń sọ ọ́ nílé Yorùbá pé wèrè tó bá ti wọjà, kò ṣeé wò mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí, nítorí ó ń mú kí ẹbí ti èèyàn wọn mọ́ yàrá kí aráyé má baà rí i. Ẹni tó ti wọjà náà ṣeé tọ́jú. Ìtọ́jú tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ ló kàn máa ń rọrùn jù.

Ní Harare, olú ìlú Zimbabwe, dókítà ọpọlọ kan tó ń jẹ́ Dixon Chibanda ń retí aláìsàn rẹ̀ kan, ọmọ ọdún 26. Ọmọbìnrin náà ò wá. Ó ti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Nígbà tí dókítà béèrè ìdí tí wọn ò fi gbé e wá, ìyá rẹ̀ ní àwọn ò rí dọ́là 15 owó ọkọ̀.

Lọ́dún 2006, Chibanda bẹ̀rẹ̀ nǹkan ní àdúgbò Mbare. Kò rí yàrá, kò rí nọ́ọ̀sì. Ìyá àgbà 14 ló rí, àti àyè tó wà níta ilé ìwòsàn. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì síbẹ̀. Dókítà kọ́kọ́ fẹ́ fi orúkọ ìlera ọpọlọ pè é, àwọn ìyá ní rárá, kò sẹ́ni tó máa jókòó síbẹ̀. Bẹ́ǹṣì Ọ̀rẹ́ ni wọ́n sọ ọ́.

Èdè Shona tí wọ́n jọ ń sọ ni ìyá àgbà á fi bi ẹni tó wá ní ìbéèrè 14. Kufungisisa ni wọ́n ń pe ohun tó ń ṣe é, ìyẹn ríronú jù. Àwa ní àròkàn tiwa. Ẹni tó wá náà á tú inú rẹ̀ sílẹ̀, á ka ìṣòro rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá mú ẹyọ kan tí apá rẹ̀ ká. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ti bẹ́ǹṣì lọ, wọ́n á fà á lé àwọn tó mọ̀ jù wọ́n lọ lọ́wọ́.

Wọ́n dán an wò ní ilé ìwòsàn 24 ní Harare pẹ̀lú èèyàn 573, èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2016. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nínú 100 àwọn tó gba ìtọ́jú ti tẹ́lẹ̀, nǹkan bí 50 ló ṣì ní àmì ìrẹ̀wẹ̀sì. Lára àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, nǹkan bí 14 ni.

Bẹ́ǹṣì nìkan ò tó o. Ẹni tó ń gbọ́ ohùn nílò dókítà àti oògùn. Ní Trieste, ní Ítálì, wọ́n ti ilé ìwòsàn ọpọlọ ńlá wọn pa, wọ́n gbé àwọn kéékèèké lọ sí àdúgbò, tí ilẹ̀kùn wọn ń ṣí tọ̀sán-tòru.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá kan èèyàn yín, ẹ má dúró de géètì ńlá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù; dókítà tí kì í ṣe ti ọpọlọ náà lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bí oorun rẹ̀ ṣe rí, oògùn tó ń lò. Bí ó bá ní òun fẹ́ kú, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá sì dá ọjọ́ fún un láti padà wá, ẹ kọ ọjọ́ náà sórí kàlẹ́ńdà tiyín, kí ẹ jọ wọ ọkọ̀ lọ.