Bí A Ṣe Ń Tún Inú Ìjàpá Ṣe Kí Àgò Irin Lè Wọ̀ Ọ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn mọ́tò àtijọ́. Volkswagen Beetle lẹ̀ ń wò yìí, Ìjàpá tí gbogbo wa mọ̀, inú ṣọ́ọ̀bù páńẹ́lì-bítà kan lágbègbè Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́ la sì wà. Ẹni tó ni ín fẹ́ fi àgò irin sínú rẹ̀, ohun tí àwọn awakọ̀ ìdíje ń pè ní roll cage. Bí ọkọ̀ bá gbókìtì, irin yìí ni kò ní jẹ́ kí òrùlé wó lé awakọ̀ lórí. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tó mọ bí tírélà ṣe ń já síni níwájú níbẹ̀, kò ní bi wá pé kí ló dé téèyàn fi ń ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ìjàpá kì í ṣe ọkọ̀ yẹpẹrẹ. Ní 1962, òun ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, nínú ẹrẹ̀ àti eruku. Ṣùgbọ́n kí ọ̀gá wẹ́dà tó tanná, ẹ dáhùn ìbéèrè kan: ibo lẹ fẹ́ máa wa tiyín lọ? Irin tó ń gba awakọ̀ là ní pápá ìdíje lè fọ́ orí ẹni tó ń lọ sọ́jà. Awakọ̀ ìdíje dé akoto, ìgbànú sì so èjìká rẹ̀ méjèèjì mọ́ àga típẹ́típẹ́. Àwa tá à ń lọ sí Ṣábó, orí wa lásán ni. Bí ọkọ̀ míì bá kọ lù wá lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má tiẹ̀ le púpọ̀, orí á fì lọ bá irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Nítorí náà, tí ọkọ̀ yín bá jẹ́ ti títì, ohun tí mo fara mọ́ ni àgò ìlàjì: ìyá irin tó tẹ̀ láti ilẹ̀ dé òrùlé, tó sì sọ̀ kalẹ̀ ní apá kejì, lẹ́yìn àga awakọ̀, pẹ̀lú irin méjì tó tì í láti ẹ̀yìn. Irin kankan kò gbọdọ̀ gba iwájú yín kọjá. Àgò kíkún tó dé ìdí dáṣíbọ́ọ̀dù, ti àwọn tó ń dé akoto nìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tú inú rẹ̀. Gbogbo àga á jáde, kápẹ́ẹ̀tì á jáde, aṣọ òrùlé náà á jáde. Ó máa ń dun èèyàn láti ya aṣọ òrùlé tó ṣì dára, mo mọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi í sílẹ̀, ìyá irin ò ní lè sún mọ́ òrùlé dáadáa, ìsàlẹ̀ ni yóò wá, lápá ibi tí orí wà. Iná wẹ́dà á sì jó aṣọ náà bó ti wù kó rí. Lábẹ́ àga ẹ̀yìn, bátìrì lẹ máa bá níbẹ̀. Ìjàpá tó ti jóná nítorí bátìrì yìí kò kéré: ẹni tó sanra jókòó sẹ́yìn, sípíríǹgì àga kan orí bátìrì, iná sọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá kí wẹ́dà tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tó bá sì ń padà, ẹ fi irin dè é, kí ẹ fi ìdérí rọ́bà bo orí rẹ̀.

Táǹkì epo, iwájú ló wà nínú Ìjàpá, lókè ẹsẹ̀ awakọ̀ gan-an. Ẹ tú u, kí ẹ gbé e jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má sọ pé kò sí epo nínú rẹ̀. Táǹkì tó ṣófo gan-an ló burú jù, torí òórùn epo tó kù síbẹ̀ ló máa ń bú gbàmù.

Ilẹ̀ ọkọ̀ ló kàn, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ l'Ékòó, torí náà ọ̀pọ̀ Ìjàpá tó wà lọ́wọ́ wa ti tó ọmọ ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn yìí. Inú rẹ̀ ṣófo, ibẹ̀ ni atẹ́gùn gbígbóná láti ara ẹ́ńjìnnì ń gbà wá síwájú, inú lọ́hùn-ún ló sì ti ń dípẹtà, tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Ọmọ iṣẹ́ fẹ́ fi òòlù kékeré lù ú, ẹ fetí sí i. Níbí, ó dún kán-kán. Ẹ gbọ́ bó ṣe yí padà lápá ẹ̀yìn: ó ń dún pọ̀-pọ̀. Ó ti sukurudíráfà mọ́ ọn, sukurudíráfà sì wọlé. Ẹni tó bá jó ẹsẹ̀ àgò mọ́ irú ibí yìí, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá gbókìtì, ẹsẹ̀ irin á lu ilẹ̀ ọkọ̀ jáde ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ gé èyí tó ti jẹrà kúrò, kí wọ́n jó irin tuntun sí i, kí ọ̀rọ̀ àgò tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ní ti páìpù, ẹ má lo páìpù omi. Ojú ìjórin wà ní gígùn rẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa ń là. Síńkì tí wọ́n fi bò ó tún ń rú èéfín tó ń dá ibà sí wẹ́dà lára lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìlànà FIA, àjọ tó ń ṣàkóso ìdíje mọ́tò lágbàáyé, ni pé kí ìyá irin jẹ́ páìpù tí kò lójú ìjórin, kí fífẹ̀ rẹ̀ tó mílímítà 45, kí nínípọn rẹ̀ tó 2.5. Mílímítà 38 sí 2.5 tó fún àwọn ìyókù. Wọ́n ò gbọdọ̀ fi iná tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ ní tútù. Tí ẹ bá rí i tó wú tàbí tó rún níbi tó ti tẹ̀, ẹ dá a padà.

Abẹ́ ẹsẹ̀ ìyá irin kọ̀ọ̀kan á ní irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó mílímítà 3, tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12 sí 10. Tó bá jẹ́ bóòtù lẹ fẹ́ fi dè é, mẹ́ta fún ẹsẹ̀ kan, M8, ìyẹn bóòtù tó fẹ̀ tó mílímítà 8, kí ẹ sì rí 8.8, àmì bó ṣe lágbára tó, lórí bóòtù náà fúnra rẹ̀. Irin kan á tún dábùú ìyá irin, láti òkè lẹ́yìn orí awakọ̀ wá sílẹ̀ lápá kejì. Láìsí i, ìyá irin á kàn yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni.

Wàhálà tó ń bá wẹ́dà nínú ọkọ̀ kékeré rèé: ìyá irin ti fara ti òrùlé, ọwọ́ ò lè dé òkè ibi tí páìpù méjì ti pàdé. Ọ̀pọ̀ á jó ìsàlẹ̀ tó hàn, wọ́n á fi òkè sílẹ̀, wọ́n á kùn ún lọ́dà. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí àpótí irin kékeré wà lábẹ́ ẹsẹ̀ àgò kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ to àgò náà sórí àwọn àpótí, kí ẹ fi iná kàn án fírí-fírí kó lè dúró. Ẹ wá yọ àwọn àpótí náà, àgò á sọ̀ kalẹ̀ kúrò lára òrùlé, wẹ́dà á ráyè jó oríkèé kọ̀ọ̀kan yí ká. Tó bá parí, ẹ gbé e sókè padà, kí àpótí wọlé sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n jó o mọ́lẹ̀. Tí ọ̀gá wẹ́dà bá sọ pé kò pọn dandan, ẹ wá ẹlòmíì.

Ibi tí orí lè dé, ẹ fi fóòmù líle tí wọ́n ṣe fún àgò irin bò ó. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì ò wúlò, irin lorí á bá lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó sínú ọkọ̀, ẹ de ìgbànú, kí ẹnìkan ti ilẹ̀kùn, kí ẹ wá gbìyànjú láti jáde lápá méjèèjì. Ní ti àga ẹ̀yìn, kò ní padà síbẹ̀ mọ́. Irin ti gba àyè orí ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, torí náà ẹ wá ọkọ̀ míì tí ẹ ó máa fi gbé àwọn ọmọ lọ sí iléèwé.