Ikú Kọ́ Ni Ẹ̀sùn: Gbígbèjà Awakọ̀ Tí Ìjàm̀bá Ọkọ̀ Rẹ̀ Gba Ẹ̀mí

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ tó kó wa jọ lónìí kò dùn-ún gbọ́ létí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tètè yanjú ohun kan. Awakọ̀ tó dúró níwájú adájọ́ kò jẹ́jọ́ pé ẹnìkan kú. Ẹjọ́ tó ń jẹ́ ni pé ó wa ọkọ̀ lọ́nà tí òfin kórìíra, àti pé ìwakọ̀ yẹn ló fa ikú náà. Ọ̀tọ̀ ni èkíní, ọ̀tọ̀ ni èkejì, olùpẹ̀jọ́ ló sì ni ẹrù àtifìdí méjèèjì múlẹ̀. Agbẹjọ́rò tó bá jẹ́ kí ẹkún àwọn ará ilé olóògbé pa méjèèjì pọ̀ mọ́ òun lójú ti fi ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹjọ́ kan wà tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ UK dá ní 2013 tó fi èyí hàn kedere. Awakọ̀ kan kò ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tó péye, kò sì ní ìbánigbófò. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ lódìkejì ló yà wá bá a ní ojú ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tó wa ọkọ̀ náà ti lo heroin, òun náà ló sì kú. Olùpẹ̀jọ́ ní ẹni tí kò ní ìwé kò yẹ kó wà lójú títì rárá, nítorí náà òun ló fa ikú. Ilé-ẹjọ́ kọ̀ jálẹ̀: àléébù kan gbọ́dọ̀ wà nínú bó ṣe wa ọkọ̀ gan-an, àléébù yẹn sì gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ nínú ikú náà ju bíńtín lọ. Òfin ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, àmọ́ ìbéèrè yìí ni kẹ́ ẹ máa gbé sọ́kàn bí a ṣe ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ibi tí ọkọ̀ wà ni ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ẹjọ́ fún yín, ẹ kọ̀wé sí ọlọ́pàá, sí àgbàlá tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí, àti sí ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tà á, tú u tàbí wà á títí onímọ̀ tiyín yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbánigbófò kì í fi ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ ṣe ọ̀ṣọ́. Tí wọ́n bá ti san owó, ó ti di irin àlòkù nìyẹn.

Ohun tó wà nínú ọkọ̀ náà pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní EDR, tó ń kọ ohun tí ọkọ̀ ń ṣe nígbà ìkọlù sílẹ̀, tó sì bá ẹ̀rọ ẹ́ábáàgì gbé pọ̀. Èyí tó bá ìlànà Amẹ́ríkà tí a ti mọ̀ mu máa ń tọ́jú ìṣẹ́jú àáyá 5 tó ṣáájú ìkọlù, ó sì ń ka eré ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ó tún ń kọ ọ́ bóyá ẹsẹ̀ wà lórí bíréèkì. Bí ẹ́ábáàgì bá tú, àkọsílẹ̀ náà á tì pa. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá gbá ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ẹ́ábáàgì kì í sábà tú, ìkọlù mìíràn sì lè pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Ẹ má sì gba nọ́ńbà rẹ̀ bí ẹni gba ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Yíyí táyà ló ń kà. Bí bíréèkì bá ti mú táyà pinpin, yóò ka eré tó kéré ju ti ọkọ̀ lọ. Bí táyà bá ń yí lófìfo, yóò ka èyí tó pọ̀ jù. Táyà tó tóbi ju ti ilé-iṣẹ́ lọ náà ń ṣi í lọ́nà.

Gílóòbù iná tó ní okùn nínú ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Bó bá ń tàn nígbà ìkọlù, okùn gbígbóná náà á nà, á lọ́. Bí kò bá tàn, ńṣe ló sábà máa ń ṣẹ́ gígé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan iná "láti wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́". Mẹkáníìkì olójú-àánú ti fi báyìí ba ẹ̀rí tó lè gba awakọ̀ là jẹ́.

Ti ẹnu awakọ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kó dúró níbẹ̀, kó pe ìrànlọ́wọ́, kó fi orúkọ àti ìwé rẹ̀ sílẹ̀ bí òfin ṣe wí. Ìyókù, kó di ìgbà tí agbẹjọ́rò bá dé. Ẹni tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n máa ń sọ pé "Èmi ni mo pa á" tàbí "Mi ò tiẹ̀ rí i". Èkíní jẹ́ ẹ̀dùn ọkàn, àmọ́ lórí ìwé, ìjẹ́wọ́ ni. Èkejì yóò di ẹ̀rí pé kò wo iwájú, nígbà tó jẹ́ pé òkùnkùn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè ríran.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ipa táyà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń yí padà. Ìṣirò tí onímọ̀ ọlọ́pàá ń lò rèé: gígùn ipa náà ní mítà, ìlọ́po 9.81, ìlọ́po 2, ìlọ́po nọ́ńbà tó ń sọ bí táyà ṣe ń di títì mú. Ẹ wá iye tó jẹ́ pé bí a bá fi ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ohun tẹ́ ẹ rí yẹn ló máa fún wa. Eré ọkọ̀ nìyẹn, ní mítà fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ìlọ́po 3.6 rẹ̀ ni kìlómítà ní wákàtí kan. Ká ní ipa náà jẹ́ mítà 25. Bí onímọ̀ bá lo 0.7, tó máa ń bá ọ̀dà gbígbẹ mu, eré náà jẹ́ nǹkan bí 67. Bó bá lo 0.5, tó sún mọ́ ti títì tútù, ó di 56. Níbi tí òfin ti gbà 60, awakọ̀ àkọ́kọ́ rú òfin, èkejì kò rú u, bẹ́ẹ̀ ipa kan náà ni.

Nítorí náà, ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ti rí 0.7. Ṣé wọ́n dán an wò lórí títì yẹn, ní irú ojú ọjọ́ yẹn, àbí inú ìwé ni wọ́n ti ṣà á? Táyà mélòó ló fi ipa sílẹ̀? Ṣé ọkọ̀ yìí ló ni ipa náà? Awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ ní ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí bíréèkì mú táyà pinpin, lè tẹ bíréèkì dé ìsàlẹ̀ láì fi ipa tó hàn gbangba sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì búra pé kò tẹ bíréèkì rárá. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: àwòrán ojú ìjàm̀bá tí ọlọ́pàá nìkan yà kò tó. Ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín kí òjò tó wẹ̀ ẹ́. Kí n sọ òdodo ṣá: eré tí ipa táyà fi hàn, ó kéré tán ni, nítorí kò ka èyí tí ọkọ̀ pàdánù nínú ìkọlù fúnra rẹ̀. Olùpẹ̀jọ́ tó mọṣẹ́ yóò rán yín létí.

Ká tiẹ̀ gbà pé ó sáré jù, ṣé eré yẹn ló fa ikú? Awakọ̀ tó jí pépé nílò bí ìṣẹ́jú àáyá 1.5 láti rí nǹkan, kó mọ̀ pé ewu ni, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dé bíréèkì. Lóru, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní eré 60, mítà 25 ti lọ kí bíréèkì tó mú, a ó sì tún fi bí 20 lé e kí ọkọ̀ tó dúró. Ní eré 50, mítà 21 ló máa lọ kí bíréèkì tó mú. Bí ẹlẹ́sẹ̀ bá já sí títì ní mítà 20 níwájú ọkọ̀, ẹni tó ń sá 50 yóò gbá a, ẹni tó ń sá 60 yóò gbá a, bíréèkì kò tíì mú fún ìkankan nínú wọn. Olùpẹ̀jọ́ yóò dáhùn pé ìkọlù ní 50 kò le tó ti 60, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìyẹn ni àyẹ̀wò òkú fi ṣe pàtàkì: ẹ jẹ́ kí dókítà sọ irú ọgbẹ́ tó pa á, àti bóyá eré tó kéré sí i ì bá dá a sí.

Ẹ̀jẹ̀ àti ọtí ń béèrè sùúrù. Ìgò tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ sí gbọ́dọ̀ ní sodium fluoride, èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ bàjẹ́, tó tó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìwúkàrà inú ẹ̀jẹ̀ tó ti dọ̀tí lè pọn ọtí tirẹ̀. Àyẹ̀wò ilé ìwòsàn sábà máa ń lo omi orí ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì ga ju ti odidi ẹ̀jẹ̀ lọ, nígbà mìíràn bí ìdá 15 nínú 100. Ẹ tún wo wákàtí. Ara ń yọ ọtí ní bíi mílígíráàmù 10 sí 25 nínú mílílítà 100 ní wákàtí kan. Bí wọ́n bá rí 40 lẹ́yìn wákàtí 3, ó lè jẹ́ 70 tàbí 115 nígbà ìjàm̀bá. Níbi tí òfin ti fi 80 ṣe òpin, onímọ̀ tó mú nọ́ńbà kan ṣoṣo láàárín wọn ti ń ṣe iṣẹ́ adájọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ún kó tó wọkọ̀ ni, ọtí náà lè ṣì máa gòkè nígbà yẹn, ìṣirò ẹ̀yìn kò sì bá a mu rárá.

Lórí fóònù, ẹ rántí pé àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ṣí kà, àti pé aago kámẹ́rà ojú títì àti ti fóònù kì í sábà dọ́gba.

Àìsàn òjijì jẹ́ àwíjàre gidi: wárápá àkọ́kọ́ ní ayé ẹni, tàbí ọkàn tó dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Ẹni tí dókítà ti kìlọ̀ fún kó má wakọ̀ kò lè sá sábẹ́ rẹ̀. Oorun pẹ̀lú kì í sábà gbani, torí oòyì oorun máa ń kìlọ̀ kó tó gbéni lọ. Bákan náà ni bíréèkì tó já: àkọsílẹ̀ àtúnṣe ni yóò sọ bóyá ó ti ń pariwo láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Nígbà mìíràn, ẹ̀rí yóò lòdì sí oníbàárà yín pátápátá. Ẹ sọ fún un. Ẹ̀sùn tó fúyẹ́, bí ìwakọ̀ láìṣọ́ra dípò ìwakọ̀ eléwu, lè ṣeé bá olùpẹ̀jọ́ jíròrò nígbà tí ìròyìn onímọ̀ yín bá ti wà lórí tábìlì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ìwakọ̀ eléwu tó pani ti lè di ẹ̀wọ̀n gbére láti oṣù kẹfà 2022, ẹni tó gbà pé òun jẹ̀bi nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bi í ń rí ìdá kan nínú mẹ́ta gbà nínú ìjìyà. Bó bá di ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ gan-an, ìdá kan nínú mẹ́wàá ló kù. Ìròyìn onímọ̀ a sì máa gba oṣù gbọọrọ. Ẹ kọ̀wé sí olùpẹ̀jọ́ ní kíá pé ìròyìn yìí lẹ ń dúró dè, kí ẹ sì kọ ohun tó kù láti yẹ̀ wò àti ọjọ́ tẹ́ ẹ retí rẹ̀ sínú ìwé náà, kí ẹ lè rí nǹkan gbé síwájú adájọ́ tó bá bèèrè ìdí tí oníbàárà yín fi pẹ́ kó tó gbà pé òun jẹ̀bi.